Ilé Oúnjẹ Tó Di Ilé Ọnà: Mbari ti Ìlú Ìbàdàn àti Àwọn Tí Ilẹ̀kùn Rẹ̀ Ṣí Fún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹni tó bá tú òwe yìí wò yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ikú nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ó tún ń rán ọmọ ènìyàn létí pé ọjà ni ojú ti ń rí ojú, pé ibẹ̀ ni àlejò ti ń bá onílé nájà, ibẹ̀ sì ni ohun tuntun ti ń dé kí ó tó dé inú ilé. Ìlú Ìbàdàn mọ òtítọ́ yìí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ, nítorí etí ọjà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìlú náà. Nígbà tí àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, àyíká ibi tí à ń pè ní Ọjà'ba lónìí ni wọ́n pàgọ́ sí. Ọjà náà ni ìdí igi. Gbogbo àdúgbò yòókù, ẹ̀ka ni wọ́n.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé ilé ọnà kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Áfíríkà, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, tó sì jẹ́ pé inú ilé oúnjẹ kan nítòsí ọjà ló ti bẹ̀rẹ̀, kò yẹ kí ó yà á lẹ́nu. Ohun tó yẹ kí ó mú un ronú ni irú ọjà tí ilé náà wà, àwọn tó ń kọjá níwájú rẹ̀, àti àwọn tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fún ní tòótọ́. Ilé náà ni Mbari. Ìtàn rẹ̀ ti di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ ìwé lé lórí, ṣùgbọ́n ọmọ Bẹẹrẹ tàbí ọmọ Bẹ́yẹrúnká tó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè wá bàbá tàbí ìyá rẹ̀ títí nínú rẹ̀ kí ó má rí wọn. Ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí ènìyàn ń jókòó yẹ̀ wò.

Ọjà òkè àti ọjà ìsàlẹ̀

Ọjà'ba wà ní ẹsẹ̀ òkè Màpó. Lórí òkè náà ni gbọ̀ngàn Màpó dúró sí, èyí tí wọ́n kọ́ ní ayé ìjọba amúnisìn láàrin ọdún 1925 sí 1929, tí òyìnbó kan tí ń jẹ́ Taffy Jones sì jẹ́ ẹni tó ṣe ètò bí wọn yóò ṣe kọ́ ọ. Àwọn òpó ràgàjì tó wà níwájú rẹ̀ ń wo páànù ìlú láti òkè bí ìgbà tí ọba bá ń wo àwọn ará ìlú láti orí ìtẹ́. Yíká ibẹ̀ ni àwọn agbo-ilé wà, tí ògiri fara ti ògiri, tí ọ̀nà ẹsẹ̀ sì ń gba ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan já sí ojúde ẹlòmíràn. Ẹni tó bá dàgbà níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọnà. Ó ti rí aṣọ aró lórí okùn, ó ti rí ìlù tí awọ rẹ̀ ṣì tutù, ó ti rí ẹ̀kú egúngún tí wọ́n fi ìgbálá ṣẹ́ létí. Ọnà wà nínú ilé, ó wà lára, ó sì ń jáde sí ìgboro lọ́jọ́ ọdún.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ibùdókọ̀ rẹ̀ kò sí nítòsí Ọjà'ba. Apá ìwọ̀ oòrùn ìlú ni wọ́n kọ́ ọ sí, òwò sì tẹ̀lé irin. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó àti ẹ̀kùrọ́ kọ́lé sí Gbági àti Dùgbẹ̀. Àwọn ará Síríà àti Lẹ́bánónì, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Kòráà, ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ṣọ́ọ̀bù ìlẹ̀kẹ̀ àti ilé oúnjẹ síbẹ̀. Báǹkì dé, ilé ìfìwéránṣẹ́ dé. Ní ọdún 1965 ni ilé gogoro alájà 26 tí wọ́n fi owó kòkó kọ́, tí ń jẹ́ Ilé Kòkó, dìde sókè ní Dùgbẹ̀. Ìlú kan ṣoṣo wá di ọlọ́jà méjì: ọjà òkè tí ìdílé, oyè àti ìṣẹ̀ṣe dì mú, àti ọjà ìsàlẹ̀ tí owó, ìwé àti àlejò dì mú. Láti Ọjà'ba dé Dùgbẹ̀ kò tó ìrìn wákàtí kan fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun ló wà láàrin méjèèjì tí ẹsẹ̀ nìkan kò lè rìn já.

Bí Mbari ṣe dé

Ní ọdún 1961, tí òmìnira Nàìjíríà kò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán kan gba ilé oúnjẹ tí ará Lẹ́bánónì kan ti lò tẹ́lẹ̀ nítòsí ọjà Dùgbẹ̀. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó ti wà ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn láti ọdún 1950, ni ó ṣe agbátẹrù. Lára àwọn tó bá a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J. P. Clark àti Es'kia Mphahlele, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti lé kúrò nílé. Demas Nwoko àti Uche Okeke, àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Zaria, náà wà níbẹ̀. Lónìí, orúkọ wọn dà bí orúkọ àwọn baba ńlá. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń gba ilé náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì pé ọgbọ̀n tàbí kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ọgbọ̀n ọdún díẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn yóò gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986.

Achebe ni ó mú orúkọ Mbari wá láti inú èdè Ìgbò. Ní agbègbè Òwerri, mbari ni ilé amọ̀ tí àwọn ará ìlú máa ń kọ́ fún òrìṣà ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ala. Wọn yóò yan àwọn kan, wọn yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ṣiṣẹ́ náà fún ọjọ́ pípẹ́, wọn yóò sì fi ère amọ̀ oríṣiríṣi kún inú ilé náà: òrìṣà, ẹranko, obìnrin tó ń rọbí, títí dé òyìnbó ajẹ́lẹ̀ pàápàá. Bí wọ́n bá ti parí rẹ̀, tí wọ́n sì ti ṣọdún rẹ̀, wọn kì í tún un ṣe mọ́. Òjò yóò pa á, ikán yóò jẹ ẹ́, yóò sì padà di erùpẹ̀. Iṣẹ́ náà wà nínú ṣíṣe. Títọ́jú kò sí níbẹ̀. Orúkọ yìí bá ilé oúnjẹ àtijọ́ yẹn mu lọ́nà tí àwọn tó sọ ọ́ ní orúkọ lè má ti rò tán. Ilé òwò ni, ẹlòmíràn ló ni ín, kò sì sí ẹni tó rò pé yóò wà títí láé.

Ohun tí ilé òwò lè ṣe

Ìdí wo ni àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ kò fi dúró sí ọgbà yunifásítì, níbi tí gbọ̀ngàn àti àga ti wà? Ìdí kìíní ni pé ọgbà yunifásítì ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń ṣọ́. Ẹni tí kò bá ní ìwé kì í déédéé wọ ibẹ̀. Ìdí kejì ni pé ilé òwò ti kọ́ àwọn ènìyàn láti wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ń tọrọ àyè kí ó tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ènìyàn lè wọ ibẹ̀ láti sá fún òjò, ó lè wọ ibẹ̀ láti wo ọjà tí kò ní owó rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì jáde láìsí ìtìjú. Gbọ̀ngàn Màpó kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè ni wọ́n ń gùn kí wọ́n tó dé ibẹ̀, àtẹ̀gùn sì tún wà lẹ́yìn òkè. Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ àti ọ̀rọ̀ ìjọba ni wọ́n fi mọ ibẹ̀ ní ayé amúnisìn. Títí di òní náà, ayẹyẹ ńlá ni wọ́n ń fi í ṣe, bí ìwúyè Olúbàdàn tó wáyé níbẹ̀ ní ọdún 2022 àti ọdún 2024.

Ilé Mbari tún ní àgbàlá. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tó bá mọ agbo-ilé Yorùbá mọ̀ pé àgbàlá ni ọkàn ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pààlọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìyàwó, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà. Àgbàlá tí àwọn oníbàárà ti ń jẹun tẹ́lẹ̀ di orí ìtàgé lábẹ́ ọ̀run. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe eré J. P. Clark tí ń jẹ́ *Song of a Goat*. Àwọn yàrá tó yí i ká di ibi ìpàtẹ àwòrán àti ilé ìkàwé. Kò sí ohun tí wọ́n wó, kò sí ohun ńlá tí wọ́n kọ́. Wọ́n kàn yí ohun tí ilé náà wà fún padà ni.

Ìpàtẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀, ti Uche Okeke àti Demas Nwoko ni. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ àwọn ará òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dé: Ibrahim el-Salahi láti Sudan, Malangatana láti Mòsáńbíìkì, Vincent Kofi láti Gánà, àti àwòrán tí Karl Schmidt-Rottluff, ọmọ Jámánì, fi igi tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé rò ó wò. Ní àkókò tí ó ṣòro fún ọmọ Mòsáńbíìkì láti gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde kúrò lábẹ́ àwọn Pọtogí, tí ọmọ Sudan kò sì mọ ohun tí ọmọ Gánà ń ṣe, inú ilé oúnjẹ àtijọ́ kan ní Ìbàdàn ni iṣẹ́ wọn ti ń pàdé. Ẹgbẹ́ náà tún ń tẹ ìwé jáde. *Heavensgate* ti Okigbo jáde níbẹ̀ ní ọdún 1962. *A Walk in the Night* ti Alex La Guma jáde ní ọdún kan náà. Ìwé ewì Dennis Brutus jáde ní ọdún 1963. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni La Guma àti Brutus, ojú ìjọba ilẹ̀ wọn sì wà lára wọn nígbà náà. Ibi tí ilé ti lé ọmọ jáde, ọjà Ìbàdàn gbà á sílé.

Ojú ọ̀nà tó lọ sí Mbari

Ní ọdún 1962, Jacob Lawrence, gbajúgbajà ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, wá sí Nàìjíríà nígbà tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Mbari. Ohun tó rí wọ̀ ọ́ lára débi pé ó padà wá ní ọdún 1964 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Gwendolyn Knight, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, wọ́n sì lo oṣù bíi mélòó kan. Lára ohun tó yà ní àkókò náà ni àwòrán kan tó sọ ní *Street to Mbari*, èyí ni ojú ọ̀nà tó lọ sí Mbari. Àwòrán náà wà ní ilé ìpamọ́ ọnà ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington.

Ohun tó wà nínú àwòrán yìí yẹ ní àkíyèsí. Ilé Mbari gan-an kọ́ ni Lawrence yà. Ojú pópó tí ọjà kún ni ó yà: àwọn ìsọ̀ lọ́tùn-ún lósì, àwọn aṣọ aláwọ̀ mèremère, àwọn tó ru ẹrù sórí, àwọn ọmọdé, àwọn òrùlé páànù. Àwọn ènìyàn fún ara wọn pọ̀ débi pé ojú tó ń wò ó gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà láàrin wọn gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ ti ń wá ọ̀nà láàrin ọjà. Ó dà bí ẹni pé àlejò náà rí ohun tí àwọn onílé kò fẹnu sọ: pé iṣẹ́ ọnà ti bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà kí ènìyàn tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ní ọdún 2022 sí 2023, wọ́n fi àwòrán wọ̀nyí ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Norfolk, tó lọ sí New Orleans, tó sì parí sí Toledo, tí wọ́n sì fi orúkọ ẹgbẹ́ Mbari kún àkọlé rẹ̀. Àwọn aláìmọye tí kò tẹ ilẹ̀ Ìbàdàn rí ti wo ojú pópó náà lára ògiri. Ìlú tó ni ojú pópó ń kọ́?

Ilẹ̀kùn tó ṣí àti ilẹ̀kùn tó sé

Ìyìn tó tọ́ sí Mbari kò gbọdọ̀ dí ojú ẹnikẹ́ni sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ohun àkọ́kọ́ ni èdè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹgbẹ́ náà fi ń tẹ ìwé, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣe àríyànjiyàn. Ìlú tí wọ́n wà ńkọ́? Ìlú tí akéwì ti ń kéwì láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ ni, ìlú tí alágbe lè ki ènìyàn láti orí bàbá ńlá rẹ̀ kẹrin. Obìnrin tó ń ta gàrí ní Dùgbẹ̀ lè wọ àgbàlá Mbari láìsí ẹni tí yóò lé e, ṣùgbọ́n bí ó bá wọlé tán, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀? Ilẹ̀kùn igi ṣí, ilẹ̀kùn èdè sé.

Ohun kejì ni owó. Ẹgbẹ́ kan tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Paris, tó ń pe ara rẹ̀ ní Congress for Cultural Freedom, wà lára àwọn tó ń fún Mbari lówó, Mphahlele sì ni ó ń bójú tó ètò Áfíríkà wọn. Ní ọdún 1966 àti 1967 ni àṣírí tú pé láti ọ̀dọ̀ CIA, ilé-iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni owó ẹgbẹ́ náà ti ń wá, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń du ọkàn àwọn ọ̀mọ̀wé ayé. Kò sí ohun tó fi hàn pé ẹnikẹ́ni sọ fún Okigbo irú ewì tí yóò kọ tàbí pé ẹnikẹ́ni yan àwọ̀ fún Okeke. Iṣẹ́ wọn ni iṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dun àwọn tó gbọ́ ọ, nítorí pé ẹni tí kò mọ orísun omi tí òun ń mu kò lè mọ ọjọ́ tí yóò gbẹ. Ilé tí àwọn tó yí i ká kò dá owó sí, àwọn tó yí i ká kò lè gbà á sílẹ̀ nígbà tí ìjì bá dé.

Ìjì sì dé. Beier kúrò ní Nàìjíríà ní ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun ti gbàjọba, tí ìlú sì ti gbóná. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967. Okigbo kú sójú ogun ní ọdún náà gan-an. Ìjọba ológun ti Ṣóyínká mọ́lé láti ọdún 1967 sí 1969. Achebe àti Okeke wà ní ìhà Biafra. Àwọn tó ti jókòó yíká tábìlì kan náà kò lè rí ara wọn mọ́. Mbari ti Ìbàdàn kò padà sí bó ti wà mọ́. Orúkọ tí Achebe fún un ṣẹ mọ́ ọn lára: wọ́n ṣe é, wọ́n ṣọdún rẹ̀, òjò sì dé.

Ilé ọtí Òṣogbo

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ìbànújẹ́ lásán ni ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan ti yọ lára igi náà kí igi tó wó. Ní ọdún 1961, Dúró Ládípọ̀, olùkọ́ àti olórin láti Òṣogbo, gbé orin ìgbàgbọ́ tó fi ìlù Yorùbá sí wá sí Mbari ní Ìbàdàn, lẹ́yìn tí ìlù náà ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ìjọ. Ohun tó rí ní Ìbàdàn wù ú. Ládípọ̀ ní ilé ọtí kan ní Òṣogbo tí wọ́n ń pè ní Popular Bar. Ní oṣù Kẹta ọdún 1962, ó sọ ilé ọtí náà di ilé ọnà, ó sì fi eré *Ọba Mọ́rò* ṣí i. *Ọba Kò So* tẹ̀lé e ní ọdún 1963, *Ọba Wàjà* sì tẹ̀lé e ní ọdún 1964. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe gbogbo wọn, ìlù àti oríkì sì kún inú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ti orúkọ. Ará Òṣogbo kò mọ ohun tí mbari jẹ́ ní èdè Ìgbò. Etí Yorùbá ni wọ́n fi gbọ́ ọ, wọ́n gbọ́ ọ bí "m bá rí i", wọ́n sì fi ẹnu ara wọn parí rẹ̀: "m bá yọ̀". Báyìí ni ilé náà ṣe di Mbárí-Mbáyọ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó fi orúkọ yìí jẹ. Ẹnu ọjà ló sọ ọ́. Orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbé wá láti Òwerri gba Ìbàdàn kọjá, ó dé Òṣogbo, ó sì di ti aráàlú láàrin ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọmọ lórúkọ ti di ọ̀kan nínú àwọn tó bí i.

Nínú ilé ọtí yẹn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Georgina Beier ṣe ní ọdún 1964 ti sọ àwọn ọ̀dọ́ tí kò ka ìwé púpọ̀ di ayàwòrán. Ibẹ̀ ni Múráínà Oyèlámì, Rufus Ògúndélé, Jímọ̀h Buraimoh àti Adébísí Fábùnmi ti jáde. Twins Seven-Seven, tí ìran rẹ̀ wá láti ìdílé Ọ̀ṣúntókí ní Ìbàdàn, kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ bí oníjó kí ó tó di oníkálámù àti ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀. UNESCO fi í jẹ oyè olórin-ọnà fún àlàáfíà ní ọdún 2005; ó sì kú ní Ìbàdàn ní ọdún 2011. Wàyí o, ọmọ Ìbàdàn ni. Ilé òwò Dùgbẹ̀ kò rí i. Ilé ọtí Òṣogbo ló rí i. Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bírìkìlà tẹ́lẹ̀, fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọnà sára ilé epo Esso ní Òṣogbo, kí ẹni tó wá ra epo lè rí ọnà láì wá a lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìlú méjèèjì kò sí nínú ẹ̀bùn. Ó wà nínú ẹni tí ilé náà ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí àwọn aláró ti mọ̀

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé Ọjà'ba kàn jókòó láìṣe nǹkan ní tirẹ̀. Kí Mbari tó dé rárá ni àwọn obìnrin aláró Ìbàdàn ti mú ilé ńlá ìgboro, tí wọ́n sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Ẹni tó bá tẹ́ aṣọ náà, tó wo àwọn ojú ọnà inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, yóò rí àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó ní ìdúró. Láàrin òpó méjì, síbí ni wọ́n yà sí i. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń yà á, láfún tí wọ́n sè ni ọ̀dà rẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ aṣọ náà sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní mu ún, òpó Màpó yóò sì yọ ní funfun láàrin àwọ̀ aró.

Ẹ wo ọgbọ́n yìí. Ìjọba kọ́ gbọ̀ngàn sórí òkè kí ó lè máa wo aráàlú nílẹ̀. Obìnrin tó jókòó ti ìkòkò aró gbé gbọ̀ngàn náà sọ̀kalẹ̀, ó fi síbí oúnjẹ sáàrin àwọn òpó rẹ̀, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ró ìró. Ohun tí Lawrence fi ojú pópó ṣe ní ọdún 1964 ni àwọn ìyá wọ̀nyí ti fi ilé ìjọba ṣe ṣáájú rẹ̀. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìpàtẹ kankan, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fún aṣọ náà wà lẹ́nu títí di òní, nítorí pé èdè ìlú ni, inú ìlú dídùn sì ni ó ń sọ.

Ilé tó ṣófo lónìí

Àṣà gbígba ilé ìgboro fún ọnà kò tíì parí. Ní Èkó, àwọn tó ń ṣe ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ń pè ní Lagos Biennial lo ilé tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta ní ọdún 2017. Ní ọdún 2019, wọ́n lo Independence House, ilé gogoro tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà òmìnira. Ní ọdún 2024, gbàgede Tafawa Balewa ni wọ́n lò. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ohun tí Mbari ti mọ̀: pé ilé tí òwò tàbí ìjọba ti fi sílẹ̀ ní ìtàn nínú ògiri rẹ̀, pé ẹni tó bá gbé àwòrán kọ́ síbẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀, Demas Nwoko kò jáwọ́. Ó kọ́ ilé-iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sí orí òkè ní Mọ́kọ́lá, òun ló sì ṣe ètò ilé àṣà ìjọba tó wà ní àdúgbò náà. Ní ọdún 2023, àjọ̀dún iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice fi àmì-ẹ̀yẹ kìnnìún wúrà dá a lọ́lá fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀.

Ohun tó kù ni kí ilé ọnà rìn láti Dùgbẹ̀ gòkè padà sí Ọjà'ba. Ní ọdọọdún ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ń tú àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ èdè Yorùbá yékéyéké sí ìgboro. Bí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ bá rí ìsọ̀ kan tó ṣófo ní Bẹẹrẹ, tó bá onílé sọ ọ́, tó fi àdìrẹ, ìlù àti àwòrán àwọn ọmọ iléèwé kún un, tó sì kọ àlàyé wọn ní èdè tí ìyá ọlọ́ṣẹ dúdú lè kà tàbí tí ọmọ rẹ̀ lè kà sí i létí, kò nílò owó láti Paris. Kò nílò gbọ̀ngàn olópòó. Owó ìsọ̀ oṣù díẹ̀ àti ìṣó ni yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Bí òjò bá sì wá pa ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò burú. Mbari ti kọ́ni pé ilé lè kú kí iṣẹ́ inú rẹ̀ máa bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àlejò, òun ni ìsọmọlórúkọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Àwọn ará Òṣogbo mọ iyì ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì fi ẹnu wọn sọ ọ́ ní Mbárí-Mbáyọ̀. Àwọn aláró Ìbàdàn mọ iyì ìlú wọn, wọ́n sì sọ aṣọ wọn ní Ìbàdàndùn. Ilé ọnà tí yóò dúró ní Ìbàdàn àtijọ́ ni èyí tí àwọn tó ń kọjá lọ sí Ọjà'ba bá yà sí láìkan ilẹ̀kùn, tí wọ́n wò, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì fún ní orúkọ kí wọ́n tó jáde.